Orí Méjì, Ìṣubú Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé, "Ṣebí orí pákó kan náà ni àwọn méjèèjì ti já bọ́," kí onítọ̀hún lọ pe àna rẹ̀ wá. Kí àwọn méjèèjì tò síwájú mi. Màá fi ṣọ́bìrì kan náà, agbára kan náà, fọ́ wọn lórí, ká wá jókòó ká máa wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde. Èyí tí kò bá tètè dìde nínú wọn, a ó máa pè é ní ọ̀lẹ.

Inú ń bí mi. Mo ti ń bínú bọ̀ láti ìgbà òjò, ìbínú náà sì ti pọ̀ débi pé bí mo bá mí sára aṣọ tútù, gbígbẹ ló máa gbẹ.

Àsọdùn ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, wọn ò sì purọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹ̀fọn ilé wa gbé ajá lọ, tó tún padà wá gbé ṣéènì rẹ̀. Èmi ni mo ní òjò kan rọ̀ ládùúgbò wa tó jẹ́ pé ẹja ló ń kanlẹ̀kùn, tó ń béèrè ọ̀nà ilé. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gé nọ́ńbà sí wẹ́wẹ́ ni mo gba ojú fèrèsé bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi. Ibi tí mo bá ti bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó mọ̀, torí iyọ̀ mi kì í ṣe iyọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ìyókù, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ilé la ń kọ́. Èmi, bàbá mi, àbúrò mi, ẹnu iṣẹ́ kan náà la wà. Bàbá mi ni àgbà bíríkìlà. Èmi àti àbúrò mi wà lára àwọn tó ń ju bíríkì. Bó ṣe rí ni pé ẹnì kan á dúró nílẹ̀, ẹnì kan lórí pákó àkọ́kọ́, ẹnì kan lórí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òkè ibi tí wọ́n ti ń mọ ògiri. Ẹni ìsàlẹ̀ á ju bíríkì sókè, ẹni òkè rẹ̀ á hán an lófuurufú, á yí, á jù ú fún ẹni òkè tirẹ̀. A kì í wo ọwọ́. Ẹni tó bá dúró wo ọwọ́ rẹ̀, bíríkì tó ń bọ̀ á ti bá a lójú.

Àbúrò mi ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Mágínẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Bí ẹ bá ju bíríkì ní ìlú kejì, tí bíríkì yẹn bá gbọ́ pé àbúrò mi wà lẹ́nu iṣẹ́, á yà kúrò lọ́nà wá bá a lọ́wọ́. Ojú kan ló fi ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin tó ń kọjá lójú títì.

Pákó òkè pátápátá ló dá. Mágínẹ́ẹ̀tì àti ọkùnrin kan tó ń po sìmẹ́ǹtì ló wà lórí ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ já, wọ́n jọ forí sọ kọnkéré, wọ́n sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọmọ ìyá méjì lórí ẹní kan. Ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn. Yàrá kan náà ni wọ́n tẹ́ wọn sí, báńdéèjì wọn sì jọra débi pé nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ọ̀kan ní oògùn èkejì. Orí wọn wú títí ìrọ̀rí fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè.

Kí oṣù tó lé lókè tó wọ̀, ọkùnrin tó ń po sìmẹ́ǹtì ti dìde, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ẹran. Kí òjò tó dá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Irin ni!" Látọjọ́ yẹn ló ti sọ ara rẹ̀ ní Orí-Irin.

Mágínẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mágínẹ́ẹ̀tì ń wá ọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹ ó rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á sá fún un bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ó pe ilẹ̀kùn ní "ìyẹn... tó máa ń... pa dé." Ó gbé ṣíbí dé ẹ̀bá ẹnu, ó gbàgbé ibi tó ń gbé e lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé ọ̀tún bí ọmọ tí wọ́n fipá mú lọ sílé ìwé. Mo ju fìlà mi sí i lọ́jọ́ kan láti fi bá a ṣeré. Fìlà ti balẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì tó pàdé. N kò tún ju nǹkan sí i mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́.

"Àsọdùn," Orí-Irin pè mí níwájú gbogbo wọn, "àbúrò ẹ ṣì ń sùn? Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ìyàwó o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ara rẹ̀ kò tíì yá," mo ní.

"Tèmi ṣe wá yá? Ṣé orí rọ́bà ni mo gbé bọ́ sílẹ̀ ni? Pákó kan náà! Kọnkéré kan náà! Ọkùnrin ló ń dìde, jàre."

Fọ́máànù, ọkùnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ, gbè é lẹ́sẹ̀. "Òótọ́ ló sọ. Mi ò lè máa ṣí àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń díbọ́n. Tí kò bá padà, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀."

Bàbá mi gbọ́. Ògiri ló ń mọ, kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo rí etí rẹ̀ tó pọ́n.

Nígbà tí dókítà ní ká wá gbọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èmi, bàbá mi àti Mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé láti ọsibítù, la lọ. Obìnrin ni dókítà náà, ó tín-ínrín bí igi ìṣáná, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Yàrá rẹ̀ kéré: tábìlì kan, àga mẹ́rin, fáànù tó ń yí bí ẹni tí wọn ò sanwó fún, àti àwòrán ọpọlọ lára ògiri, tó rí bí aṣọ tí wọ́n ká sínú korobá.

"Ẹ má fi òun àti ẹnì kejì rẹ̀ wéra," ó ní. "Orí méjì lè ṣubú bákan náà kí wọ́n má san bákan náà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ lẹ̀ ń ṣe, á yé yín. Nígbà tí orí gbá kọnkéré, ògiri wó nínú ọpọlọ. Ara ní àwọn lébìrà tirẹ̀ tó ń kó pàǹtí, tó ń tún ògiri náà mọ. Olúkúlùkù wa ló jogún àṣẹ tí àwọn lébìrà yẹn ń tẹ̀ lé, ìdajì látọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì látọ̀dọ̀ ìyá. Àbùdá là ń pè é. Kò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Irú kan wà tó jọ pé ó máa ń mú kí àtúnṣe náà falẹ̀. Irú yẹn ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín."

"Ṣé kò ní san ni?" mo bi í.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Àbùdá kan ṣoṣo kọ́ ló ń dá ẹjọ́. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, bí orí ṣe gbá ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìtọ́jú wà níbẹ̀. Àwa gan-an ò tíì mọ gbogbo ẹ̀ tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ fún un láyè ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kó máa wá síbí wá kọ́ ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Kí ohunkóhun má sì tún kan orí yẹn. Bí nǹkan bá tún gbá a báyìí, ẹ lè wá ọmọ tẹ́ ẹ mú wá yìí tì."

Mágínẹ́ẹ̀tì ń wo ẹnu dókítà. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣubú, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tí kò wá ọ̀nà pè é ní ọ̀lẹ.

Àmọ́ bàbá mi ti dìde. "Ẹ dúró ná, dókítà. Ẹ ní látọ̀dọ̀ bàbá?"

"Bàbá tàbí ìyá, sà, ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú títì ló ní i, wọn ò mọ̀."

"Àìsàn kankan ò sí nídìílé mi."

"Kì í ṣe àìsàn, sà, mo..."

"Ẹ̀jẹ̀ mi dára!"

Ohùn rẹ̀ gba ilẹ̀kùn jáde. Àwọn tó ń dúró de abẹ́rẹ́ níta gbọ́ ọ, ara wọn yá lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì sá lọ sílé.

Nígbà tá a délé, bàbá mi ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé kí aládùúgbò má baà gbọ́, ó wá pariwo tí gbogbo àdúgbò gbọ́.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ohun tí obìnrin yẹn sọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí wa? Ta ló máa fẹ́ yín? Ta ló máa fọmọ fún yín?"

"Bàbá, ó ní ẹnikẹ́ni lè ní i."

"Kí ẹnikẹ́ni máa ní tiẹ̀. Kò sí lọ́dọ̀ tèmi. Bó bá tiẹ̀ jóòótọ́, ọ̀dọ̀ ìyá yín ló ti wá."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyá wa ti kú. Mágínẹ́ẹ̀tì ṣì ń rákò nígbà tó lọ. Bàbá mi gbé ẹ̀sùn lé ẹni tí kò lè dìde wá jẹ́jọ́! Nǹkan kan gbóná láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi títí dé àtàrí. Bí ẹ bá gbé ìkòkò omi lé mi lórí nígbà náà, omi á hó, á gbẹ, ìkòkò á là.

"Ẹ má fa ìyá mi wọ ọ̀rọ̀ yìí," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá dókítà. Ẹ nawọ́ kó gba tiyín náà, ká mọ ibi tó ti wá."

"Èmi? Kí n nawọ́?"

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Ó gbá mi létí. Ìràwọ̀ tí mo rí á tó ojú ọ̀run mẹ́ta, á sì ṣẹ́ kù fún ẹ̀yìnkùlé.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ mi," ó ní. "Ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọ̀lẹ, mo mọ oògùn ẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ó máa wà lórí pákó."

Mágínẹ́ẹ̀tì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ọ̀rọ̀. "Bà... Bàbá. Ọwọ́... ọwọ́ mi..."

"Ọwọ́ ẹ ti ṣe kí ni?"

Kò rí ìyókù. Bàbá ò sì dúró de ìyókù. Ẹ rí nǹkan? Kí ọmọ òun jẹ́ ọ̀lẹ tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kí ẹ̀jẹ̀ òun yàtọ̀ lọ. Ó fẹ́ fi orí ọmọ san àbùkù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi kàn án.

Mo sáré lọ bá fọ́máànù nílé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mi ò kúnlẹ̀ fún tíṣà! Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ, mi ò fi ẹyọ kan lé e: ẹ̀jẹ̀, àbùdá, àwọn lébìrà inú ọpọlọ tí àtúnṣe wọn ń falẹ̀, pé bí bíríkì bá bà á lórí, ó lè kú.

Fọ́máànù wò mí títí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Lébìrà nínú ọpọlọ! Àsọdùn, o pọ̀! Ta wá ni fọ́máànù wọn? Ṣé wọ́n máa ń lọ ìsinmi?"

"Fọ́máànù, ẹ̀mí ni mò ń sọ."

"Ẹja tó ń kanlẹ̀kùn ńkọ́? Ó ti rílé?" Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo dìde. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, bí koríko bá tún hù níbẹ̀, ẹ wá bi mí.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó lajú, bàbá ti mú un jáde. Mo sáré débi pé òjìji mi ní kí n ṣe sùúrù fún òun. Nígbà tí mo dé, Mágínẹ́ẹ̀tì ti wà lórí pákó kejì, ó fi èjìká ti òpó kó má baà mì. Akoto kan ṣoṣo ló wà níbi iṣẹ́ wa. Orí fọ́máànù ló wà, fọ́máànù tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa ń dúró sí!

"Àsọdùn, bọ́ sí àyè ẹ," ó ní.

Àyè tó fi hàn mí, pákó àkọ́kọ́ ni, ìsàlẹ̀ àbúrò mi gan-an. Èmi ni wọ́n fẹ́ kí n máa jù ú sí i. Bàbá mi ló ní kí wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n á rọ̀ fún àbúrò.

Bíríkì gbéra nílẹ̀. Ó dé ọwọ́ mi. Mo dì í mú.

Nínú iṣẹ́ wa, èèwọ̀ ni kí bíríkì dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìlà dúró láti ilẹ̀ dé òkè. Gbogbo orí yí sí mi.

"Jù ú!" fọ́máànù kígbe.

"Mi ò jù."

"Àwàdà rẹ̀ ti dé nìyẹn," Orí-Irin ní láti ibi tó ti ń po sìmẹ́ǹtì. "Ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣe tán."

"Orí-Irin, jẹ́ kí n bi ẹ́. Orí tó san fún ẹ yẹn, ọjà wo lo ti rà á? Ṣé o wọ inú ìyá ẹ lọ ṣa ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń ṣa tòmátì ni? Dá mi lóhùn! O bá a lára ẹ ni. Kò sí nǹkan kan tó o ṣe. Àbúrò mi náà ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé tí òun kọ́ ló kọ́ ọ, kó yé fi ẹni tí òjò pa ṣẹ̀sín!"

Orí-Irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ǹtì tó ti pò tán.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó kọjá lára Mágínẹ́ẹ̀tì láìwò ó, ó bá mi lórí pákó mi, ó já bíríkì gbà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ ni.

"Ọmọ! Gbọ́wọ́ sókè!"

Mágínẹ́ẹ̀tì gbọ́wọ́ sókè. Ọ̀tún kọ́kọ́ dé. Òsì ń bọ̀.

Bàbá ju bíríkì náà. Kò sí iyọ̀ kankan níbí yìí. Kò jù ú líle. Jíjù jẹ́jẹ́ ni, irú èyí tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè gbà. Ó lọ sókè, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó gba àárín ọwọ́ méjèèjì kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ó fọ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pàdé. Pá. Bí ẹni tó fẹ́ pa kòkòrò tó ti fò lọ.

Eruku bíríkì wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ara rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Afẹ́fẹ́ ni," bàbá mi ní. "Afẹ́fẹ́ ló gbé e." Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ ní gbogbo ayé láàárọ̀ yẹn. Ó nawọ́ sílẹ̀, wọ́n ju bíríkì kejì sí i.

Ìgbà náà ni Mágínẹ́ẹ̀tì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju nǹkan sí i, ọba ìbáà pàṣẹ. Eruku lè ti wọ̀ ọ́ lójú, òógùn lè ti mú ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Kò ní láti ṣàlàyé. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi pàṣán kọ́ wa.

"Mú ọwọ́ ẹ wá síwájú," bàbá mi ní.

Mágínẹ́ẹ̀tì mirí.

"Mo ní mú ọwọ́ ẹ wá!"

"Rá... rárá, sà."

Apá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn, bíríkì wà nínú rẹ̀. Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo fi àyà mi bo ojú ibi tó ń wò.

"Ẹ fẹ́ pa á, kí ayé má baà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló wà lára yín?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Mi ò pa á mọ́!" Mo yíjú sí àwọn tó wà lórí ìlà. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ wa ni! Dókítà ló sọ ọ́. Bí ọpọlọ bá fara pa, ó lè pẹ́ kó tó san lára wa. Àbúrò mi ní i. Èmi náà lè ní i. Bàbá mi tó gbé bíríkì dání yìí lè ní i, abẹ́rẹ́ ló ń sá fún! Ẹni tó bá fẹ́ nàka, kó nà á sí mi níbí, kó má nà á sí ibojì ìyá mi!"

Àsọdùn ló sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ẹja. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé bíríkì ọwọ́ wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kúrò níbí!" fọ́máànù pariwo. "Ẹ ò níṣẹ́ mọ́! Ẹ yára!"

Mo gun àkàbà lọ bá àbúrò mi. Orí-Irin ti fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó wá di ìdí àkàbà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá mi ò kúrò lójú kan. Kò ju bíríkì náà, kò sì gbé e sílẹ̀. Bá a ṣe kọjá níwájú rẹ̀, Mágínẹ́ẹ̀tì kí i, "Bàbá." Kí ọwọ́ máa ro ó. Kí bíríkì yẹn wúwo bí ilé alájà mẹ́wàá.

Àkàbà tó kù ló gùn jù. Èmi wà nísàlẹ̀, Mágínẹ́ẹ̀tì wà lókè mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á dé, á dúró de òsì. Òsì á rò ó, á tún rò ó. Mo ń bú fọ́máànù. Mo ń bú pákó tó dá, mo bú igi tí wọ́n ti là á, mo bú ẹni tó gbin igi náà àti òjò tó rọ̀ sí i. Fọ́máànù ní ká yára. Mo ní kò sẹ́ni tó máa yára, pé a máa wà lórí àkàbà yìí títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi wá di fọ́máànù, òun náà á pariwo títí, a ò ní yára.

"Ẹ̀gbọ́n," Mágínẹ́ẹ̀tì pè mí lókè.

"Kí ló dé? Ṣé ẹsẹ̀ fẹ́ yọ̀ ni?"

Ó ń wá a. Mo dúró dè é. Gbogbo wọn nílẹ̀ dúró dè é.

"Ẹ... ẹ yé pariwo. Mo ń... mo ń sọ̀ bọ̀."

Mo dákẹ́. Ìbínú ò dákẹ́. Mo fọwọ́ mú ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, mo gbé e lé igi àkàbà tó kàn.